Ilẹ̀kùn Ojú Omi ní Ilé Ẹja

Kí n tó la ẹnu sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni n ó kọ́kọ́ dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó pa ààlà fún omi, tó sì mọ ìdí tí omi fi ń ré ààlà rẹ̀ kọjá nígbà mìíràn. Mo dúpẹ́ pé mo jí lónìí, mo gbọ́ ìró odò lábẹ́ pákó tí mo sùn lé lórí, ojú mi sì tún ń ríran dé orí ìwé tí mo ń kọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ kọ́ ìwé kíkà nínú ilé ìjọsìn, tí a jọ ń fi ẹfun kọ a, bí, dí sára pákó, wọn kò sí mọ́. Èmi ṣì wà. Kì í ṣe pé mo dára jù wọ́n lọ. Àánú ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú àwọn fúláàtì tó wà létí omi ní Ìgbókọ̀dá yìí, tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí yàrá yín fi ń rùn bí ẹja yíyan nígbàkígbà tí òjò bá rọ̀, ẹ jókòó. Ó ti rẹ̀ mí, n kò ní lè gbé ohùn sókè. Ilé tí ẹ ń gbé yìí, wọn kò kọ́ ọ fún gbígbé. Ilé ẹja ni.

Ibi tí Tóyìn, ìyàwó ọmọ mi, gbé tẹlifíṣọ̀n sí, ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n ńlá máa ń wà. Ìkọ́ irin tí a fi ń gbé òṣùwọ̀n náà kọ́, òun ni wọ́n so fáànù mọ́ lónìí. Ibi tí ẹ ń dáná sí, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń to sáwá àti ẹja àrọ̀ sórí àtẹ wáyà, tí wọ́n ń fi igi ẹ̀gbà yan án títí yóò fi pọ́n bí ẹyìn. Wọ́n ti kun ògiri yẹn ní ọ̀dà funfun, èéfín yọ. Wọ́n tún un kùn, èéfín tún yọ, bí ẹni pé ó ń yọjú wò bóyá ẹni tó mọ òun rí ṣì wà nínú ilé.

Bàbá mi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ ló kọ́ ọ. Ìlú wa wà lẹ́bàá òkun nígbà náà, ìlú àwọn onígbàgbọ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan jẹ́ ti gbogbo wọn. Àwọn kan ń pẹja, àwọn kan ń hun aṣọ, àwọn kan ń kan ọkọ̀. Ẹja tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí gbogbo ilé bá ti jẹ, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń kó o gba ojú odò wá sí Ìgbókọ̀dá, nítorí pé ibẹ̀ ni títì parí sí, ibẹ̀ ni àwọn ará òkè ti ń wá rà á. Wọ́n wá kọ́ ilé pákó gbọọrọ kan, wọ́n fi páànù bò ó. Apá kan rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀, apá kejì dúró lórí òpó nínú omi, tí ọkọ̀ fi lè wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ń pe ojú títì ní iwájú ilé. Lójú tiwa, ẹ̀yìnkùlé nìyẹn. Omi ni iwájú. Gbogbo ohun tó dára, omi ló ń gbé e wá. Títì kàn ń kó o lọ ni.

Bí mo bá pa ojú dé báyìí, etí ló ń rántí fún mi. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ ó gbọ́ àjẹ̀ tó ń bọ́ sínú omi, tó ń jáde, tó ń bọ́ sínú omi, kí ẹ tó rí ọkọ̀ kankan nínú kùrukùru. Nígbà tí ẹ̀ńjìnnì dé, a mọ ti olúkúlùkù bí a ti ń mọ ikọ́ ẹni. Ti Orímisàn ọ̀rẹ́ mi a máa hu bí ẹni tí eyín ń dùn. Lẹ́yìn náà, apẹ̀rẹ̀ edé á máa wọ́ lórí pákó, ìdí ìkòkò á máa dún, àwọn obìnrin á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Agogo á lù. Gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́. A ó gbàdúrà lórí ẹja kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan òṣùwọ̀n, nítorí bàbá mi a máa sọ pé ọwọ́ tí kò tíì gbàdúrà, ó ṣeé ṣe kó tẹ òṣùwọ̀n láìmọ̀. Bí a bá ti ṣe Àmín tán, ariwo á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé dúró.

Ilẹ̀kùn méjì ló wà nínú ilé náà. Èyí tó dojú kọ títì ní kọ́kọ́rọ́ tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ mi. Èyí tó dojú kọ omi kò ní kọ́kọ́rọ́ rárá. Èmi ọmọ kékeré bi bàbá mi pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹni tó gba títì wá, bí kò bá bá wa nílé, ó lè padà síbi tó ti wá. Ẹni tí ìjì lé wá láti ojú omi, ibo ni yóò padà sí?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀kùn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín kò pọ̀ mọ́. Kò sí káfíńtà ilé láàrin wa. Ẹni tó ń kan ọkọ̀ ni wọ́n ní kó kan án. Ó kàn án bí ẹni kan ọkọ̀ lóòótọ́. Ó fi oje dí gbogbo ojú pákó rẹ̀, ó fi òwú há a, débi pé bí ilẹ̀kùn náà bá já bọ́ sínú odò, èèyàn lè jókòó lé e kó máa tù ú lọ sílé. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó máa ṣí síta, sójú omi. Kò sí ẹni tó rí i pé àṣìṣe ni, títí ìjì àkọ́kọ́ fi dé. Atẹ́gùn lẹ ilẹ̀kùn mọ́ ògiri bí àtè. Àwọn apẹja wà lóde nínú ọkọ̀ tí ń jó, àwa wà nínú ilé.

Àwọn tó wà lóde ń kígbe, "Ẹ ṣí i o!"

Bàbá mi ń kígbe láti inú, "Ẹ fà á!"

"À ń fà á, ọkọ̀ ló ń sá lọ lábẹ́ wa! Ẹ̀yin náà, ẹ taari rẹ̀!"

"Ta ló sọ pé a kò taari?"

Abẹ́ ilé ni wọ́n padà gbà wọlé, wọ́n la pákó ilẹ̀, wọ́n ń yọ orí lẹ́yọ lẹ́yọ bí akàn. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi yọ ilẹ̀kùn náà, ó yí i padà, ó jẹ́ kó máa ṣí sínú ilé. Láti ọjọ́ náà, atẹ́gùn tó ń lé ọ bọ̀ náà ni yóò bá ọ taari rẹ̀.

Òfin mìíràn wà lórí ilẹ̀kùn náà, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹni tó bá bá ibẹ̀ wọlé kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn, kò sì gbọ́dọ̀ kí ẹnikẹ́ni. Yóò wọlé, yóò jókòó. Àwa náà kò gbọ́dọ̀ bi í pé ta ni, ará ibo ni. Omi la ó kọ́kọ́ bù fún un, lẹ́yìn náà oúnjẹ. Ìgbà tó bá mu omi, tó fi ẹnu kan oúnjẹ, ìgbà náà ni yóò tó kí wa, tí a ó sì béèrè orúkọ. Mo mọ̀ pé yóò ṣàjèjì létí yín, torí ọmọ Yorùbá tí kò kí ènìyàn, kí la fẹ́ pè é? Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ní ẹni tí ẹ̀rù omi ṣì ń bẹ lára rẹ̀, bí ó bá kí ọ, tí o bi í pé ṣé àlàáfíà ni, yóò ní àlàáfíà ni. Irọ́ ni yóò pa. Kí ló dé tí a ó fi mú àlejò purọ́ kó tó mu omi? Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù. Kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí Ọlọ́run yóò rán ẹni tirẹ̀ gba ibẹ̀ wá.

Kì í ṣe pé gbogbo àlejò ló jẹ́ áńgẹ́lì. Ọkùnrin kan wọlé nígbà ìjì kan, ó jókòó. Ìjì kọjá, kò lọ. Oòrùn yọ, kò lọ. Ó ń jẹ púpúrú wa, ó ń bá wa kọrin àárọ̀, ó tiẹ̀ ti ń tún ohùn wa ṣe. Nígbà tó yá, ìyá àgbà kan láàrin àwọn tó ń yan ẹja wò ó, ó ní, "Àlejò wa, ìjì tó wà lóde ti lọ o. Ṣé èyí tó wà níkùn yín ni kò tíì rọlẹ̀?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ki àjẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tù lọ.

Ilẹ̀kùn yẹn náà ni ìyá Bánkọ́lé ọmọ mi gbà wọ inú ayé mi. Òun àti bàbá rẹ̀ ń ti Máhìntẹ́dò bọ̀ nígbà tí ìjì ká wọn mọ́. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, mo rí ọmọge kan tí omi ń ro lára rẹ̀ tótó, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ márúgbó mọ́ àyà, kò sì jẹ́ kí ìgbì omi gba ẹ̀kán kan nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń gbọ̀n, òun ń wo ìkòkò. Mo fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, òfin sì wà nílẹ̀. Mo sáré bu omi wá. Ó mu díẹ̀. Mo tún bu òmíràn wá, kó baà lè yára. Orímisàn fara ti òpó, ó ń wò mí. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọmọbìnrin yìí bọ́ lọ́wọ́ odò, ṣé inú ilé lo fẹ́ kó rì sí?" Ọmọge náà rẹ́rìn-ín, omi sì gba imú rẹ̀ jáde. Bí mo ṣe rí ìyàwó nìyẹn. Ó ti lọ sinmi báyìí. Kí Olúwa tẹ́ ẹ sí ibi tí ìjì kò sí.

Orímisàn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ náà rí tirẹ̀ he. Ọjọ́ ọjà kan ló gbé apẹ̀rẹ̀ edé, tó ń fọ́nnu lọ fún àwọn ará òkè pé ẹsẹ̀ òun mọ gbogbo pákó inú ilé yìí ní orúkọ. Pákó kan tí kò tíì bá a mọra là gbà, ó sì wọ inú omi lọ. Ó yọ sókè, ìdérí apẹ̀rẹ̀ ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà tó fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ní, "Ẹ má fà á jáde o, ẹ jẹ́ kí edé parí ìrìbọmi rẹ̀." Títí Orímisàn fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá ń fọ́nnu, a ó ní kó máa ṣọ́ pákó.

Àwọn ọjọ́ Gálílì ńkọ́? Lẹ́yìn Àjíǹde, gbogbo ọkọ̀ láti Síónì Pẹpẹ, láti ìlú wa, láti àwọn abúlé orí òpó, á tò wá, imọ̀ ọ̀pẹ lára wọn, aṣọ funfun lára àwọn èrò inú wọn. Wọn yóò so ọkọ̀ mọ́ ara wọn láti abẹ́ ilé ẹja títí dé àárín odò, débi pé ọmọdé lè rìn láti orí ọkọ̀ kan dé òmíràn kó sì gba ìrẹsì nínú gbogbo wọn. Ilẹ̀kùn ojú omi á wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Lónìí, mo rí i tí ẹ ń ṣe Gálílì yín ní òtẹ́ẹ̀lì létí títì. Ó dára. Ọlọ́run wà níbẹ̀ náà.

Bí ohun gbogbo ṣe parí, n kò lè tọ́ka sí ọjọ́ rẹ̀. Bí ẹni tó ń tòògbé ló rí. Ẹja ń dín kù, koríko orí omi ń pọ̀ sí i. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé yìnyín lọ bá àwọn apẹja ní etí òkun, wọn kò dúró de ilé ẹja mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kàwé, wọ́n lọ. Àwọn àgbà lọ sí ibi tí ìwé kò dé. Ìjọ ní kí èmi tí mo jẹ́ olùtọ́jú ilé náà gbẹ̀yìn máa mú un lò. Adán ni mo bá gbé ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, òkun tó ti ń jẹ ìlú wa díẹ̀ díẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì. Ilé ẹ̀kọ́ lọ, ọjà lọ, ibojì bàbá mi lọ. Ọjọ́ tó kan ilé Bánkọ́lé ọmọ mi, kò rí nǹkan púpọ̀ kó. Ó yọ ilẹ̀kùn iwájú ilé rẹ̀, ilẹ̀kùn tó fi owó òógùn rẹ̀ rà, ó gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ó dé Ìgbókọ̀dá, ó gbé e ti ògiri ilé ẹja, ó jókòó tì í. Ọkùnrin tó ní ilẹ̀kùn tí kò ní ilé, kí ni yóò wí?

Nítorí náà, nígbà tó bá mi sọ ọ́ pé òun fẹ́ pín ilé ẹja sí fúláàtì, kí òun àti àwọn mìíràn tí òkun lé lè rí ibi gbé, n kò kọ̀. Ta ni èmi láti kọ̀? Ilé tó ṣófo nígbà tí ènìyàn ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Wọ́n kó búlọ́ọ̀kù wá, wọ́n kó sìmẹ́ǹtì wá. Wọ́n gé gbọ̀ngàn tí a ti ń kọrin sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi àjà bo òkè rẹ̀, wọ́n fi irin sí fèrèsé. Mo ń wò wọ́n. Ilé tí mo mọ̀ bí ọwọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà nínú rẹ̀.

Bíríkìlà tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ọmọ Ìkálẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ dùn. Ọjọ́ kan ló dé ìdí ilẹ̀kùn ojú omi.

"Bàbá, ta ló ń gba ibí wọlé? Ẹja ni?"

"Ẹja àti ènìyàn."

"Ẹja ti wọ fíríìjì, Bàbá, ènìyàn sì ti wọ mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí n fi búlọ́ọ̀kù dí i, kí n ṣe ilé ìwẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ó kàn dúró ni, omi á máa rọ̀ lé yín lórí láti òkè."

Mo ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ìsàlẹ̀ ni omi ti ń bá mi. Ìwọ wá ní kí n máa retí rẹ̀ láti òkè."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó lọ gbé búlọ́ọ̀kù wá tò sí ìdí ilẹ̀kùn. Mo pe Bánkọ́lé.

Bánkọ́lé ní, "Bàbá mi, mo mọ ohun tí ilẹ̀kùn yìí jẹ́. Ibẹ̀ ni ìyá mi gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ayé. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ayára jalè lójú omi báyìí, ṣé wọn yóò mu omi kí wọ́n tó dárúkọ? Àwọn ọmọ mi ni yóò máa sùn níbí. Òkun ti gba ilé kan lọ́wọ́ mi. N kò fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣílẹ̀kùn èkejì fún ohun tó ń bọ̀ lójú omi."

Òótọ́ ló sọ. Bí òótọ́ méjì bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà tóóró, ọ̀kan ni yóò fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Mo bá Ọlọ́run sọ ọ́, kò dá mi lóhùn ní gbangba. Ní òwúrọ̀ tí bíríkìlà fẹ́ po sìmẹ́ǹtì, mo gbé ẹní mi, mo gbé àga mi, mo gbé Bíbélì mi, mo lọ jókòó sí yàrá ìkẹyìn, ní ìdí ilẹ̀kùn náà.

"Bàbá, ibẹ̀ tutù," Bánkọ́lé ní. "Orí omi gan-an ló wà. Yàrá tó dára jù la fi sílẹ̀ fún yín."

Mo ní, "Kọ́ ògiri rẹ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni kí o kọ́ ọ sí, má kọ́ ọ síwájú mi. Jẹ́ kí èmi àti ilẹ̀kùn yìí wà ní òdìkejì."

"Nínú ilé tí kò ní kọ́kọ́rọ́? Bí olè bá wọlé ńkọ́?"

"Kí ni yóò jí? Eyín mi? Ó ti pẹ́ jù."

Tóyìn bú sẹ́kún. "Bàbá wa, àwọn èèyàn á ní a lé yín síta."

"Sọ fún wọn pé àgbàlagbà ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà."

Wọ́n kọ́ ògiri náà sí ẹ̀yìn mi. Wọ́n fi ilẹ̀kùn kan sí i kí wọ́n lè máa gbé oúnjẹ wá fún mi. Ilẹ̀kùn tí Bánkọ́lé fi ọkọ̀ gbé wá láti etí òkun ni. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tó lágbára, ọ̀dọ̀ wọn ni kọ́kọ́rọ́ náà sì wà.

Ojoojúmọ́ ni mo ń pọn omi sínú ìkòkò. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi púpúrú díẹ̀ pamọ́. Òjò rọ̀, ìjì jà, ẹnikẹ́ni kò wá. Pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò nìkan ló taari ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó mu nínú omi mi. Tóyìn rí i, ó ní, "Bàbá wa, ó ti mu omi o. Ẹ bi í lórúkọ." Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, mo jókòó, ó rẹ̀ mí dé inú egungun. Àtijọ́ ti lọ. Èmi nìkan ni mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n tí ẹja rẹ̀ ti tán nínú odò. Òtútù ti wọ orúnkún mi. Mo pe Bánkọ́lé, mo ní kó sọ fún bíríkìlà kó padà wá dí i. Bánkọ́lé kò yọ̀. Ó kàn ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," ó sì ránṣẹ́ sí i pé kó kó búlọ́ọ̀kù wá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, kí bíríkìlà tó dé, Tóyìn gbé oúnjẹ mi wá. Ojú ọ̀run ti ṣú láti òwúrọ̀. Bó ṣe ń gbé abọ́ kalẹ̀, ìjì bẹ̀rẹ̀, páànù ń ké. Lójijì ni ilẹ̀kùn ojú omi ṣí gbàgà. Obìnrin kan wọlé, ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó lọ jókòó sí ìdí ògiri, ó tú ọmọ sí itan, ó dákẹ́.

Tóyìn ní, "Háà! Ìwọ obìnrin yìí, o wọlé onílé, o rí àgbàlagbà, o kò lè kúnlẹ̀? Àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí!"

Mo gbé ọwọ́ sókè sí i. Mo bu omi, mo gbé e fún obìnrin náà. Ó mu. Ó fi ìka tọ́ ọ sí ọmọ lẹ́nu. Mo gbé púpúrú àti ọbẹ̀ tí Tóyìn gbé wá fún mi síwájú rẹ̀. Ó fi ẹnu kàn án. Nígbà náà ló tó wá kúnlẹ̀, tòun tọmọ.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ẹ kú ilé, ìyá wa. Ẹ má bínú."

Mo bi í pé, "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi àgbà ni, ní Síónì Pẹpẹ. Ó ní bí ìjì bá ká mi mọ́ ojú odò Ìgbókọ̀dá, kí n wá ilẹ̀kùn aláwọ̀ eérú tó wà lórí òpó. Ó ní kí n má kàn án, kí n taari rẹ̀, kí n má kí ẹnikẹ́ni títí n ó fi mu omi. Ó pẹ́ tó ti kú. N kò débí rí, Bàbá. Àlọ́ ni mo pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbomi, n kò rántí nǹkan mìíràn."

Tóyìn tẹ̀ síwájú, ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e gba ilẹ̀kùn kejì wọ inú ilé lọ wá aṣọ gbígbẹ fún un. Mo ń fetí sílẹ̀ de ìró kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn rẹ̀. N kò gbọ́ ọ.

Nígbà tí odò rọlẹ̀, obìnrin náà bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni bíríkìlà dé pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ó ń ṣe àwàdà bí ó ti máa ń ṣe. Bánkọ́lé kò jẹ́ kó po sìmẹ́ǹtì síbi ilẹ̀kùn. Ó mú un sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn lábẹ́ mi.

"Ibi tí obìnrin ọlọ́mọ ti gun òkè yìí ga jù," ọmọ mi ní. "Fi búlọ́ọ̀kù náà ṣe àtẹ̀gùn fún mi, láti inú omi títí dé ẹnu ọ̀nà."

"Ilé ìwẹ̀ ńkọ́, ọ̀gá?"

"Bàbá mi ní ìsàlẹ̀ ni omi ti ń bá àwọn."

Mo dìde, ó rẹ̀ mí, mo lọ pọn omi kún ìkòkò.

Ìwọ tí o ń ka èyí, níbikíbi tí o bá wà, lórí ilẹ̀ tàbí lórí omi, mo súre fún ọ. Bí ìjì bá ká ọ mọ́, kí Olúwa fi ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ hàn ọ́. Kí ó ṣí sínú nígbà tí o bá taari rẹ̀. Kí o bá omi tútù nílé, kí o bá ẹni tí kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kí òùngbẹ rẹ tó tán. Bí ó bá sì jẹ́ ìwọ ni onílé lọ́jọ́ náà, kí ìkòkò rẹ má gbẹ. Àmín.